Ìkọ́ṣẹ́ Àgbẹ̀ Lábẹ́ Ọ̀gá, Pẹ̀lú Ìrànwọ́ Ìjọba: Láti Odoakpu Dé Òdìkejì Odò Ọya

Ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá ni ètò tí ọ̀dọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oko fi ń lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ tó ti mọ iṣẹ́ náà dénú, tí yóò máa bá a ṣiṣẹ́, tí yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀, títí òun náà yóò fi lè dá dúró. Nígbà tí ìjọba bá gbé owó, ilẹ̀ àti àbójútó sẹ́yìn irú ètò bẹ́ẹ̀, ohun tó jẹ́ àdéhùn láàárín ènìyàn méjì á di ètò tí gbogbo ìlú ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, a óò ṣàlàyé bí ètò náà ṣe rí, ìdí tí a fi ń ṣe é, ìtàn rẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nínú rẹ̀, àti àǹfààní tó ń mú wá. Odoakpu, ní ìlú Onitsha, ìpínlẹ̀ Anambra, ni a óò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn àdúgbò náà mọ ohun tí ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá lè sọ ọmọ ènìyàn dà.

Odoakpu jẹ́ àdúgbò tí ilé àti òwò ti kún dẹ́múdẹ́mú. Ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Onitsha, ọjà Ochanja kò sì jìnnà sí i. Ilé alájà dúró ti ilé alájà, ṣọ́ọ̀bù sì wà ní ìsàlẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Kò sí ilẹ̀ oko níbẹ̀ rárá. Oúnjẹ tí àwọn ará àdúgbò ń jẹ, láti ibòmíràn ni ó ti ń wá: iṣu láti ilẹ̀ àwọn Anam tó wà létí odò, ìrẹsì láti Ayamelum, ẹ̀gẹ́ àti ẹja láti Ogbaru àti láti òdìkejì Odò Ọya. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ bá dínkù ní àwọn ìletò wọ̀nyí, ìyàwó ilé tó ń ra gààrí ní Ochanja ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tí a fi ń mọ Odoakpu àti gbogbo Onitsha ni ètò ìkọ́ṣẹ́ òwò tí àwọn Ìgbò ń pè ní igba boi. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yóò rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń to ọjà síta kí ọ̀gá tó dé. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ọdún 5 sí 7 ni ọmọ sábà máa ń lò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Yóò máa gbé nílé rẹ̀, yóò máa jẹun nílé rẹ̀, yóò sì máa kọ́ bí a ṣe ń ra ọjà, bí a ṣe ń nájà, bí a ṣe ń mọ oníbàárà tó ṣeé fi ọjà àwìn lé lọ́wọ́, àti bí a ṣe ń kọ ìṣirò sínú ìwé. Nígbà tí àkókò bá pé, ọ̀gá yóò fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní ọdún 1970, ètò yìí wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé Ìgbò tí kò ní nǹkan kan mọ́ fi tún padà dìde.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ètò náà ń kọ́ wa. Èkíní ni pé inú iṣẹ́ gan-an ni a ti ń kọ́ iṣẹ́, lójoojúmọ́, pẹ̀lú èrè àti àdánù rẹ̀. Èkejì ni pé orúkọ ọ̀gá so mọ́ ti ọmọ. Bí ọmọ bá yege, iyì ọ̀gá ni, bí kò bá sì yege, ọjà yóò bèèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀kẹta, tó sì ṣe pàtàkì jù lọ, ni pé ìkọ́ṣẹ́ kì í parí sí orí ìwé ẹ̀rí nìkan: ohun ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ń parí sí. Ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a ti ṣe ní ilẹ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ kẹta yìí kò sí nínú wọn.

Bí a bá gbé irú ètò yìí lọ sí oko, ẹgbẹ́ mẹ́ta ni yóò wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀gá àgbẹ̀, ẹni tó ní oko tàbí ọgbà adìẹ tàbí adágún ẹja tirẹ̀, tó sì ń jẹun láti inú rẹ̀. Èkejì ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, tó lè jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé, tàbí obìnrin tó ń dá tọ́ ọmọ. Ẹ̀kẹta ni ìjọba, tó dúró gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Nínú igba boi, ẹbí ni ó máa ń ṣe onígbọ̀wọ́ láàárín ọ̀gá àti ọmọ. Lórí ọ̀rọ̀ oko, agbára ẹbí kì í sábà tó, nítorí pé ilẹ̀, irúgbìn, oúnjẹ adìẹ àti ajílẹ̀ gba owó púpọ̀, èrè oko kì í sì í tètè jáde bí ti ṣọ́ọ̀bù.

Ìdí tí a fi dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò fara sin. Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ń dàgbà, àwọn ọmọ wọn sì ń lọ sí ìlú ńlá. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ padà sí oko máa ń bá ìṣòro méjì pàdé lẹ́ẹ̀kan náà: kò mọ iṣẹ́ náà tó, kò sì ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fún un ní owó láìkọ́ ọ, owó náà yóò bá àṣìṣe ọdún àkọ́kọ́ lọ. Bí a bá sì kọ́ ọ láìfún un ní nǹkan, ìmọ̀ rẹ̀ yóò jókòó sílé. Ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba fẹ́ yanjú ìṣòro méjèèjì pa pọ̀.

Ìtàn ìgbìyànjú ìjọba láti sọ ọ̀dọ́ di àgbẹ̀ ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Ó hàn gbangba pé láìpẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ yóò jáde tí wọn kò ní rí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ní ọdún 1959, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀, ní irú ibi bí Ìlọrà, Akúfọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìkẹ́nnẹ́. Àpẹẹrẹ àwọn abúlé àgbẹ̀ Ísírẹ́lì tí wọ́n ń pè ní moshav ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ oko, lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ àti ilé.

Ìlà-Oòrùn náà tẹ̀ lé ọ̀nà yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, lábẹ́ Dókítà Michael Okpara, olórí ìjọba ẹkùn náà. Ọ̀kan lára àwọn ibùdó àgbẹ̀ tí ìjọba rẹ̀ dá sílẹ̀ wà ní Igbariam, tó wà ní ìpínlẹ̀ Anambra lónìí, tí kò sì jìnnà púpọ̀ sí Onitsha. Àwọn ibùdó mìíràn wà ní Ohaji, Uzo-Uwani, Boki àti Erei. Ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967 da iṣẹ́ àwọn ibùdó wọ̀nyí rú kí wọ́n tó lè fìdí múlẹ̀.

Àwọn ibùdó àgbẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ rere, ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára wọn tó yẹ kí a kíyè sí. Owó púpọ̀ ni ó ń náni láti fi àgbẹ̀ kan ṣoṣo jókòó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sì kúrò kí oko wọn tó so èso. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ń kọ́ wọn. Owó oṣù rẹ̀ kò sinmi lórí ìkórè. Wọ́n fún ọ̀dọ́ ní ilẹ̀, wọ́n fún un ní ilé, ṣùgbọ́n wọn kò fi í sí ẹ̀gbẹ́ àgbẹ̀ tó ti rí ọ̀dá rí, tó ti rí kòkòrò rí, tó sì ti la ọjà tó dẹnu kọlẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí, ìyẹn ìrírí, ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa ń lọ wá lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ní ọdún 1985, ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin. Níbẹ̀ ni Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti dá ilé iṣẹ́ Songhai sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ìjọba Benin fún un. Ní Songhai, oko ni kíláàsì. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbin ewébẹ̀, wọ́n ń sin ẹja àti adìẹ, wọ́n sì ń lo ìgbẹ́ ẹran láti fi ṣe ajílẹ̀ àti gáàsì ìdáná. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà ránṣẹ́ pè wọ́n láti wá dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Amukpe ní ìpínlẹ̀ Delta.

Ìpínlẹ̀ Delta, tó dojú kọ Onitsha láti òdìkejì odò, tẹ̀ síwájú sí i. Ní ọdún 2015, nígbà tí Dókítà Ifeanyi Okowa di gómìnà, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀dọ́ oníṣòwò ọ̀gbìn tí wọ́n mọ̀ sí YAGEP. Lábẹ́ ìjọba náà, wọ́n ń yan ọ̀dọ́, wọ́n ń kọ́ wọn ní bí ènìyàn ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu àti bí ó ṣe ń ṣètò owó, lẹ́yìn náà wọ́n ń rán wọn lọ sí oko láti kọ́ṣẹ́ ní tààrà. Nígbà tí wọ́n bá parí, ìjọba á fún wọn ní ohun ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn alábòójútó á sì máa bẹ̀ wọ́n wò.

Ètò tó sún mọ́ igba boi jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní LIFE-ND, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, àjọ IFAD ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àti NDDC, àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, ni wọ́n jọ gbé e kalẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìjọba ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 9 ni ó wà nínú rẹ̀: Abia, Akwa Ibom, Bayelsa, Cross River, Delta, Edo, Imo, Òǹdó àti Rivers. Àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 18 sí 35, àti àwọn obìnrin tó jẹ́ olórí ìdílé, ni ètò náà wà fún. Wọ́n ń wá àgbẹ̀ tó ti dúró dáadáa ní àdúgbò kan, wọ́n ń so àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ ọn, wọ́n sì ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nígbà tí ìkọ́ṣẹ́ bá parí. Èyí fi hàn pé ní Òǹdó, láàárín àwọn Yorùbá, àti ní Delta, ní ìwájú Onitsha, ìlànà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ó yẹ kí a wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́dọ̀ ọ̀gá, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń rí iye ètò náà. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ ọgbà adìẹ. Òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 àkọ́kọ́, gílóòbù tàbí ìkòkò èédú ni a fi ń mú yàrá wọn móoru. Ọ̀gá á mú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà lóru, á ní kí ó wò wọ́n. Bí àwọn òròmọdìẹ bá kóra jọ sábẹ́ iná, tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí wọ́n lanu, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá fọ́n ká, tí àwọn kan ń jẹ, tí àwọn kan ń mu omi, tí àwọn kan ń sùn, ara tù wọ́n. Ìwé lè kọ èyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jí lóru tó sì rí i lójú kò ní gbàgbé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú oko ẹ̀gẹ́. Ọ̀gá á kọ́ ọmọ láti ṣa igi ẹ̀gẹ́ tó gbó dáadáa, tí àrùn kò sí lára ewé rẹ̀, kí ó gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25, kí ojú 5 sí 7 wà lára rẹ̀. Bí a bá fi mítà kan sí àárín igi kan sí èkejì ní ìbú àti ní òòró, igi 10,000 ni yóò wọ hẹ́kítà kan. Ọmọ á kọ́ ìgbà tí a ń ro oko, nítorí pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni koríko máa ń ṣe ẹ̀gẹ́ níbi jù lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò bá ọ̀gá lọ sọ́jà, yóò rí i pé ìgbà tí gbogbo àgbẹ̀ bá jọ wú ẹ̀gẹ́ ni owó gààrí ń já wálẹ̀, àti pé ẹni tó bá ṣètò ìgbà ìkórè rẹ̀ ni èrè ń kù fún. Apá ọjà yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó mọ ìgbìn ni kò mọ títà.

Ipa ìjọba nínú gbogbo èyí ní ààlà tirẹ̀, ó sì yẹ kí ó mọ ọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó yan ọ̀gá tó kájú òṣùwọ̀n, kí ó san ẹ̀tọ́ ọ̀gá fún àkókò tó ń lò, kí ó ran ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ lórí oúnjẹ àti ọkọ̀ kí ebi má baà lé e sá, kí ó wá ilẹ̀ tí kò ní àríyànjiyàn, kí ó sì pèsè ohun ìbẹ̀rẹ̀. Ó sàn kí ohun ìbẹ̀rẹ̀ yìí jẹ́ irúgbìn, òròmọdìẹ, oúnjẹ ẹja tàbí irinṣẹ́ ju kí ó jẹ́ owó lásán lọ, nítorí pé ìnáwó ilé lè gbé owó lọ. Kí àdéhùn wà nínú ìwé: iye oṣù tí ọmọ yóò lò, ohun tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, àti ohun tí yóò gbà ní ìparí. Ọ̀kan nínú ìṣòro tí a mọ̀ mọ́ igba boi ni ọ̀gá tí kò mú ìlérí ṣẹ lẹ́yìn tí ọmọ ti sìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibí yìí ni ìjọba gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́ ti wúlò jù, nítorí pé ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ yóò rí ibi fi ẹjọ́ sùn.

Àǹfààní ètò yìí pọ̀, ó sì kan ju ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń rí iṣẹ́, ó ń rí ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń rí àgbà tí yóò máa sá tọ̀ nígbà ìṣòro. Ọ̀gá ń rí ọwọ́ tí yóò ràn án lọ́wọ́, ó ń rí owó tí oko rẹ̀ fi ń gbòòrò, àwọn tó sì kọ́ lè di alájọṣe rẹ̀ láti jọ ra oúnjẹ adìẹ ní iye tó dínkù tàbí láti jọ kó ọjà lọ sí Onitsha. Àwọn obìnrin ń rí ààyè tí igba boi kò fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọmọkùnrin ni ètò òwò náà sábà máa ń gbà. Ọjà ìlú ń rí oúnjẹ sí i. Ìjọba pàápàá ń jèrè: oko tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ó ń lò fún ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà kò ní láti kọ́ ilé tuntun kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ti rí ọgbọ́n yìí. Ní Jámánì, ọdún 3 ni ọ̀dọ́ sábà máa ń fi kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní oko tí ìjọba fọwọ́ sí, ó sì ń lọ sí iléèwé ní àwọn ọjọ́ kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ọdún 2008 pèsè owó fún ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn àgbẹ̀ tuntun, ìyẹn àwọn tí kò tíì ju ọdún 10 lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ètò ìkọ́ṣẹ́ màlúù oníwàrà kan wà tó ń gba ọdún 2 àti wákàtí 4,000, tí púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí ìyókù sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kíláàsì. Bí orílẹ̀-èdè tó ní katakata àti ẹ̀rọ tó báyìí bá ṣì ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ó dájú pé ìmọ̀ oko kò ṣeé gbà tán láti inú ìwé.

Anambra kò sí nínú ìpínlẹ̀ 9 tí LIFE-ND wà, ṣùgbọ́n ohun èlò ètò náà wà nílé rẹ̀. Ètò IFAD mìíràn, tó dá lórí ìrẹsì àti ẹ̀gẹ́, ti ṣiṣẹ́ ní Anambra gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Gómìnà Chukwuma Soludo, tó gorí àga ní ọdún 2022, ti fi irúgbìn ọ̀pẹ àti àgbọn ránṣẹ́ sí àwọn ìdílé. Ìjọba rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ètò tí ọ̀dọ́ kan ń fi kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ méjì lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá, tí a sì ń fún un ní owó ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ 5,000 ni ó wà nínú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀nà tó kù kò gùn mọ́. Àgbẹ̀ onírẹsì ní Omor, àgbẹ̀ oníṣu ní Anam àti olọ́pẹ ní Igbariam lè jókòó sí ipò tí ọ̀gá oníṣòwò jókòó sí ní Odoakpu, kí ìjọba sì ṣe onígbọ̀wọ́ wọn.

Ní àkótán, ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba ń so ohun mẹ́ta pọ̀ tí ó ti wà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀: ilẹ̀ tí àwọn ibùdó àgbẹ̀ àtijọ́ fún ọ̀dọ́, ìrírí tó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ àdúgbò, àti ìdásílẹ̀ ní ìparí ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn ará Onitsha fi kọ́ ọrọ̀ wọn. Bí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, ètò náà kò ní dúró. Òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọ̀n ọ́n ni iye ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ṣì wà lóko lẹ́yìn ọdún 5, tí àwọn náà sì ti gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tiwọn. Ìjọba tó bá ń ka iye yìí, tó sì ń kéde rẹ̀ fún ìlú, ni yóò mọ̀ bóyá owó tó ná ti di àgbẹ̀.